Eegun Kò Rojọ́ Tán: Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Àísótóòpù Lórí Oúnjẹ Àtijọ́

Ní ọdún 1978, van der Merwe àti Vogel fi hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature pé eegun lè jẹ́rìí sí oúnjẹ tí olóògbé jẹ. Àgbàdo máa ń gba kábọ̀n-13 sára ju ọ̀pọ̀ ewéko igbó lọ. Bí àwọn ará Àríwá Amẹ́ríkà àtijọ́ ṣe ń jẹ ẹ́ sí i ni kábọ̀n náà ń pọ̀ sí i nínú kọ́lájìnì eegun wọn.

A gbóríyìn fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí a takò ni kíkọ́ ọ bí ẹni pé kò ní ààlà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwádìí Ambrose àti Norr lórí eku ní 1993 fi hàn pé láti inú pròtéènì ni ọ̀pọ̀ kábọ̀n kọ́lájìnì ti ń wá. Ẹni tó ń jẹ iṣu púpọ̀ pẹ̀lú ẹja díẹ̀, ẹja ni kọ́lájìnì rẹ̀ yóò tẹnu mọ́ jù. Èkejì, ìlànà náà rọrùn lọ́hùn-ún nítorí pé àgbàdo ni irúgbìn pàtàkì tó ní àmì yẹn. Nílẹ̀ Yorùbá, ọkà bàbà náà ní in. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí lè gbé àgbàdo dé ilẹ̀ wa kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ máa fi hóró irúgbìn, ìkòkò àti eegun ẹran ti ẹ̀rí yìí lẹ́yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.