Ginger Baker: Àtẹ́wọ́ Ìlù Yàtọ̀ sí Àtẹ́wọ́ Àánú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan ná. Bí àgbà olórin kan bá gun orí ìtàgé, tí ó sì hàn gbangba pé agbára àná ti lọ, kí ló yẹ kí àwa tí a sanwó wọlé ṣe? Ṣé kí á máa pàtẹ́wọ́ nítorí pé ó ṣì wà láàyè ni, àbí kí á fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ó ń lù? Ọ̀rọ̀ yìí ló di àríyànjiyàn láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan ní London lọ́dún 2014, lálẹ́ ọjọ́ tí a lọ wo Ginger Baker.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó gbọ́. Ọmọ London ni, wọ́n bí i ní 1939. Òun àti Eric Clapton àti Jack Bruce ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀ ní 1966. Orin rọ́ọ̀kì wọn a máa sán bí àrá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìlù tó bá ń dún àdúnjù, yíya ní ń ya. Ní 1968, Cream ti túká. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí forí lé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1971, ó wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó wá sí Èkó. Ọdún yẹn kan náà ló bá Fela lùlù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Live! Ní 1972, àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Salt lọ ṣeré ní Munich ní Jámánì, lásìkò ìdíje Olympics. Ní 1973, ó ṣí sítúdíò ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni Paul McCartney ti gba orin kan sílẹ̀ nínú Band on the Run.

Èkó ni ẹ̀gbọ́n mi wà nígbà náà. Òun náà ń lu ìlù òyìnbó fún ẹgbẹ́ olórin háílàìfù kan. Àmọ́ nígbà tí à ń wí yìí, oríkèé ọwọ́ ń dùn ún, kò lè di ọ̀pá ìlù mú mọ́. Kò kọ́kọ́ fẹ́ bá mi lọ. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò? Arúgbó bíi tèmi?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì." Nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ṣe dìde.

Kílọ́ọ̀bù kékeré kan ní Soho ni. Ẹ rántí pé Royal Albert Hall ni Cream ti dágbére ní 1968, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti padà pàdé ní 2005. Níbi tiwa yìí, bí o bá wúkọ́, onílù á gbọ́. Baker rọra jáde, ó jókòó. Ọdún tí ó pé ẹni ọdún 75 nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ń yọ ọ́ lẹ́nu, eegun ẹ̀yìn kò sì fún un ní ìsinmi. Àwọn mẹ́ta ló bá a ṣeré: Pee Wee Ellis, tó ti bá James Brown ṣiṣẹ́ rí, ló ń fọn sasofóònù, Alec Dankworth wà nídìí béèsì, Abass Dodoo, ọmọ Ghana, ń lu àwọn ìlù ilẹ̀ adúláwọ̀.

Kí n má purọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣìnà. Mo ti gbọ́ "Toad" nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Cream ti 1966 jù, òun ni mo ń retí. Àwọn kan lẹ́yìn wa burú jù mí lọ. Orúkọ orin Cream ni wọ́n ń pariwo. Nígbà tí wọn kò rí i gbà, wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́ sí ohun gbogbo, títí kan ìgbà tí bàbá náà mu omi. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Wò ó, bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni wọ́n ń ṣe é."

Mo ní, "Àánú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Kí ni onílù fẹ́ fi àánú ṣe?"

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ "Aiko Biaye" ni etí mi là. Orin àtijọ́ ni. Ó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Air Force rẹ̀ ṣe ní 1970, nígbà tí Rẹ̀mí Kabaka wà lára wọn. Ẹ mọ bí àwọn onídùndún wa ṣe ń ṣe é: omele kì í kúrò lójú kan, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí Baker ṣe gan-an nìyẹn. Ó fi ẹsẹ̀ ka méjì, ó fi ọwọ́ ka mẹ́ta, kò yẹ̀. Dodoo tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ló fi sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún. Ọ̀gá tí gbogbo ayé mọ̀ sọ ara rẹ̀ di omele! Níbi tí ọ̀dọ́ ìbá ti gbá ìlù mẹ́wàá, ó gbá ẹyọ kan, ẹyọ náà sì bọ́ síbi tó yẹ. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ń dùn ún lé etí tábìlì, ó ń fi ìka kan ká a. Nígbà tí orin náà parí, ó ní, "Ó yá, àbúrò, ìsinsìnyí ni kí o pàtẹ́wọ́."

Mo ní ẹ̀sùn kan ṣá o. Bí ẹ bá gbọ́ Why?, rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé jáde lọ́dún 2014 yẹn, orin tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó ń wá orin tuntun kò ní rí púpọ̀ he. Ẹni tó sì ń wá agbára, kó lọ gbọ́ òun àti Tony Allen tí wọ́n jọ lùlù ní Berlin ní 1978. Rẹ́kọ́ọ̀dù kì í darúgbó, a sì lè gbọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa lù àti èyí tó máa fi sílẹ̀, ojú ló fi ń rí i, nítòsí. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn la lọ wò ní Soho, ó sì tó owó tí a san.

Baker kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, 2019. Tony Allen tẹ̀ lé e ní 2020, Pee Wee Ellis ní 2021. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà, a dúpẹ́. Kò padà sídìí ìlù òyìnbó, àmọ́ ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu àkúbà kékeré kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìlù ńlá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un nítorí ewú orí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìlù ná.