Ta Ló Ni Ìtàn? Pínpín Àṣẹ Nínú Eré Ìtàn Orí Tábìlì

Ní ọdún 1969, ní agbègbè Minneapolis àti Saint Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Dave Wesely pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ síbi eré ogun kan. Ó dá ìlú kan sílẹ̀ tó pè ní Braunstein, ní ilẹ̀ Jámánì ayé ìgbà Napoleon. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀gágun méjì ló sábà máa ń dojú kọra. Wesely fẹ̀ ẹ́ lójú: ó fi ẹnì kan ṣe olórí ìlú, ó fi òmíràn ṣe oníbáńkì, ó fi òmíràn ṣe ọ̀gá yunifásítì. Ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń fa ara wọn sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gbìmọ̀ ohun tí kò sí nínú ètò rẹ̀. Nígbà tí méjì nínú wọn wá sọ fún un pé àwọn ti pera àwọn níjà, kò sí òfin kankan nílẹ̀ fún irú ìjà bẹ́ẹ̀. Orí ìdúró ló ti wá ojútùú sí i. Wesely gbà pé eré òun ti dàrú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àfi kó tún irú rẹ̀ ṣe.

Dave Arneson wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló gbé ọgbọ́n yìí wọ ilẹ̀ àròsọ tirẹ̀, Blackmoor, kí òun àti Gary Gygax tó gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Ìlànà tí eré náà fi lélẹ̀ ló ṣì gbilẹ̀ jù lónìí. Ẹnì kan ni adarí eré: òun ló ni ìlú, igbó, ọjà, ọ̀tá àti ojú ọjọ́. Àwọn yòókù ni òṣèré, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ló sì wà níkàáwọ́ oníkálukú wọn. Òṣèré a sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ fẹ́ ṣe, adarí a sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, dáìsì a sì dá ẹjọ́ níbi tí kò bá dájú.

Bí adarí bá wá ni gbogbo ayé, tí òṣèré sì ni ènìyàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ta ló ni ìtàn? Àwọn kan gbà pé eré tó dára jù ni èyí tí ẹnu gbogbo ènìyàn tólẹ̀ dọ́gba. Èrò tèmi yàtọ̀. Ohun tó yẹ kí alámèyítọ́ kọ́kọ́ wò ni bóyá ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí yóò yanjú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi àléébù ìlànà àtijọ́. Adarí kan lè ti hun ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí àwọn òṣèré tó jókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, afárá a já. Bí wọ́n bá fẹ́ yà sósì, ẹ̀ṣọ́ a yọ. Ọkọ̀ ojú irin ni àwọn tó mọ eré náà fi ń ṣàpèjúwe irú ìdarí yìí: ibi tí irin bá gbà ni ọkọ̀ ń gbà. Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí apàlọ́ náà mọ òpin ìtàn Ìjàpá kó tó la ẹnu, a sì ń gbe orin rẹ̀ tàtẹ́wọ́-tàtẹ́wọ́. Àdéhùn ló mú wọn yàtọ̀. Ẹni tó wá gbe orin àlọ́ mọ̀ pé ègbè ni ipa tòun. Ẹni tí a sọ fún pé, "Ìwọ lo ni ẹ̀dá ìtàn yìí," tó wá rí i lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta pé ègbè lásán lòun ń gbè, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ní 2010, Vincent Baker àti Meguey Baker gbé Apocalypse World jáde, eré nípa àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ayé ti bàjẹ́. Ìwé náà kìlọ̀ fún adarí pé kó má hun ìtàn sílẹ̀ de àwọn òṣèré. Ìbéèrè ni kó máa bi wọ́n, kó sì lo ohun tí wọ́n bá fi dá a lóhùn. Ká ní ẹ̀dá ìtàn kan wọ ọjà, adarí lè sọ pé, "Ọkùnrin kan rí ọ, ó sáré bojú. Kí lo ti ṣe fún un rí?" Adarí ló yan ibi tí ilẹ̀kùn wà, òṣèré ni yóò ṣí i. Bí òṣèré bá fèsì pé, "Mo pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀," kò ní pẹ́ tí adarí yóò fi mú opó ẹ̀gbọ́n náà wọlé. Báyìí ni àṣẹ ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Òṣèré ti dá sí bí ayé náà ṣe rí, síbẹ̀ kò mọ ohun tí opó náà bá wá.

Ká ní òṣèré yìí kan náà ló mú opó náà wá, tó tún sọ pé opó náà ti dárí jì í ńkọ́? Paul Czege, ẹni tó ṣe eré My Life with Master ní 2003, ti rí èyí, àwọn òǹṣèdá eré sì fi orúkọ rẹ̀ pe òfin náà: bí ẹnì kan náà bá dá ìṣòro ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, tó tún fúnra rẹ̀ yanjú rẹ̀, eré kì í dùn. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn níbí. Ta ló ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún ara rẹ̀?

Àwọn eré tí kò ní adarí rárá ló jẹ́rìí sí òfin yìí jù. Ènìyàn mẹ́rin ni Ben Lehman ṣe Polaris fún ní 2005, akọni kọ̀ọ̀kan ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó jókòó kọjú sí ọ ló ń gbé ibi dìde sí akọni rẹ. Àwọn méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn yòókù. Bó bá kan ẹlòmíràn, ipò a yí. Bí ẹni tó kọjú sí ọ bá mú ohun burúkú wá, o lè gbà á, kí o sì ní kí òun náà gba ohun tí o fi kún un. Ìdúnàádúrà gidi ni. Nínú Fiasco, tí Jason Morningstar gbé jáde ní 2009, ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni tó bá kàn. Ó lè fúnra rẹ̀ tẹ́ ìran sílẹ̀, kí àwọn yòókù fi dáìsì funfun tàbí dúdú sọ bóyá yóò yọrí sí rere tàbí ibi. Ó sì lè ní kí wọ́n bá òun tẹ́ ẹ, kí òun sọ bí yóò ṣe yọrí. Kò sí ibi tí ẹnì kan ti ń ti orí ìran dé ìdí rẹ̀. Oyè adarí kò pa rẹ́ nínú eré méjèèjì yìí. Wọ́n kàn ń jẹ ẹ́ yí tábìlì ká ni.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí pínpín àṣẹ ti ń ba eré jẹ́. Bí ìtàn bá dá lórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá apànìyàn, tí adarí wá bi òṣèré pé, "Ta lo fẹ́ kó jẹ́ apànìyàn náà?", ìwádìí parí nìyẹn. Àṣírí nílò ẹni tí yóò pa á mọ́. Òṣèré kan sì wà tó jẹ́ pé adùn tirẹ̀ ni kó wà nínú awọ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, kí ẹ̀rù ilẹ̀kùn tó tì pa ba òun náà. Ẹni tó bá ní kó wá sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti fà á jáde nínú awọ náà. Níbí, ìlànà 1974 ṣì mókè, bí adarí bá jẹ́ olóòótọ́: kó ya àwòrán inú ihò tí àwọn òṣèré yóò wọ̀ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì gbé ògiri kúrò láàyè rẹ̀ nítorí pé òṣèré gbọ́n jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Braunstein. Wesely mọ ìlú náà láti òpópónà dé òpópónà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbìmọ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn tó pera wọn níjà mọ ohun tó bí wọn nínú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí yóò ṣubú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán nínú yàrá yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó tún un ṣe.