Timorasso: wọ́n rí i ni, àbí wọ́n dá a sí?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń kọ̀wé nípa ọtí wáìnì ní èdè Faransé: redécouverte. Wọ́n á ní irú àjàrà kan ti sọnù, wọ́n sì ti rí i padà. Timorasso, àjàrà funfun kan láti ilẹ̀ Ìtálì, wà lára àwọn tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún jù lọ. Ìyìn tí wọ́n ń fún un pọ̀, a kò sì ní bù ú kù, nítorí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìyìn bá pọ̀ jù, ó lè bo ẹni tí ó ni iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọtí náà nìkan ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. A fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Àwọn òkè kéékèèké tí ó yí ìlú Tortona ká, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn agbègbè Piemonte, ni ilé Timorasso. Ní Volpedo, tí ó wà láàrin àwọn òkè yìí, ni wọ́n ti bí Giuseppe Pellizza, ayàwòrán tí ó parí Il Quarto Stato ní 1901, àwòrán ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń rìn bọ̀ wá síwájú láìsáré, láìdúró. Ní Castellania, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n bí Fausto Coppi, akọni nínú eré kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ kárakára ni. Àjàrà yìí sì gbilẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan rí.

Kí ni ó mú un kúrò? Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò kan tí a ń pè ní phylloxera, tí ó ti Amẹ́ríkà wá, jẹ gbòǹgbò àjàrà run káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ tún ọgbà gbìn, olúkúlùkù ní láti yan irú tí yóò gbìn. Timorasso sì jẹ́ olórí kunkun: òdòdó rẹ̀ máa ń rẹ̀ dànù, èso rẹ̀ kì í dọ́gba nínú ìdì kan náà, bí ó bá so púpọ̀ lọ́dún yìí, ó lè má so tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Cortese, àjàrà funfun tí wọ́n fi ń ṣe ọtí Gavi, kì í fi àgbẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ sí Milano, Torino àti Genova láti wá iṣẹ́. Ẹni tí ó kù lóko kò lè máa tọ́jú igi tí ń so nígbà tí ó bá wù ú. Ìṣirò owó ni ó lé Timorasso kúrò. Kì í ṣe ìgbàgbé.

Ní Monleale, ní àwọn ọdún 1980, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Walter Massa ya èso Timorasso sọ́tọ̀. Ní ìdílé bíi tirẹ̀, àṣà ni pé kí wọ́n da ìwọ̀nba tí ó kù pọ̀ mọ́ àwọn àjàrà funfun mìíràn. Ọtí tí ó fi èso 1987 ṣe ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tí a ń ròyìn lónìí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e: Andrea Mutti, Claudio Mariotto, àti Elisa Semino ti ilé La Colombera. Láti orí ìlà igi díẹ̀, ọgbà Timorasso ti ju 200 hẹ́kítà lọ nísinsìnyí.

Ẹni tí ó bá ń retí ọtí funfun fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ yóò bá ohun mìíràn pàdé. Timorasso ki lẹ́nu, ó sì kan. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń há, bí ọmọdé tí kò tíì fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti lo ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìgò, òórùn oyin àti ti èso tí ó pọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pẹ̀lú òórùn kan tí ó jọ ti epo àtùpà, èyí tí àwọn tí ó mọ Riesling ti Jámánì tàbí ti Alsace kò ní ṣì mọ̀. Ó lè pé ọdún mẹ́wàá kí ó má bàjẹ́. Ibí ni àbùkù àkọ́kọ́ nínú ìtara òde òní wà: ohun tí ó dára jù nínú ọtí yìí, sùúrù ni ń mú un jáde, ṣùgbọ́n ìtara kì í ní sùúrù. Wọ́n ń ṣí ìgò náà kí ó tó gbó, wọ́n sì ń yìn ín fún ohun tí kò tíì dà.

Àbùkù kejì ni orúkọ ìyìn tí wọ́n fi ń pè é: «Barolo funfun». Barolo ni ọtí pupa tí ó lókìkí jù ní Piemonte. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ rò pé àwọn ń gbé Timorasso ga. Àwọn àgbà wa ní ẹ̀wù à-yá-lò kì í yẹni: bí kò fún ni lápá, a sò ní lára. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dojú rú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní orúkọ kan fún sáà kan nínú ìtàn ayé, láti bíi mílíọ̀nù 11 sí mílíọ̀nù 7 ọdún sẹ́yìn. Tortonien ni wọ́n ń pè é, láti ara orúkọ Tortona. Amọ̀ oníẹfun tí ó wà ní apá kan ilẹ̀ Barolo, láti sáà yẹn ni ó ti wá. Ilẹ̀ Barolo ti ń jẹ́ orúkọ Tortona kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Timorasso jọ Barolo.

Lónìí, àwọn ilé ọtí Barolo fúnra wọn ti wọ inú òwò Timorasso: Vietti, Borgogno, Roagna, La Spinetta àti Pio Cesare. A kò pè wọ́n ní olè. Okìkí wọn ń mú kí àwọn tí kò gbọ́ nípa Tortona rí fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí olówó bá dé, iye ilẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Bí ilẹ̀ bá wọ́n ju ohun tí ọmọ àgbẹ̀ lè rà lọ, ta ni yóò jogún òkè tí bàbá rẹ̀ kò fi sílẹ̀?

Ìdí nìyí tí a fi rí ọgbọ́n nínú ohun tí Massa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n kọ Derthona, orúkọ Tortona láyé àwọn ará Róòmù, sí ara ìgò wọn. Igi àjàrà ń rìn. Ẹnikẹ́ni lè gbé e lọ gbìn sí ibòmíràn. Òkè kì í rìn. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ìlú rẹ̀ pe ọtí rẹ̀ ti so iyì ọtí náà mọ́ ilẹ̀ àti àwọn ará ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Faransé, découvrir ni kí a ṣí ìbòrí kúrò lórí nǹkan. Ẹni tí ó ṣí ìkòkò kọ́ ni ó se ọbẹ̀. Ní èdè Yorùbá, a ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ọ̀ràn yìí mu ju «rí padà» lọ: dá sí. Àwọn àgbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ wọn ti dá ìlà igi díẹ̀ sí, bí kò tilẹ̀ mú owó wá; Massa sì bá a níbẹ̀, ó sì fún un ní ìníyelórí. Ohun tí kò sọnù kò ṣeé rí he. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbàkígbà tí ẹ bá ka redécouverte nínú ìwé kankan, kí ẹ tó yọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ní òun rí nǹkan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó dá a sí.