Ìdérí Ìgò, Ọ̀pá àti Odó: Ohun tí A Rí Kọ́ Lára Àwọn Oníṣẹ́-ọnà Chicago

Àga kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ilé wa ní Hazel Crest. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa rí àga onígi tí ẹnì kan gbé jù sẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi ìdérí ìgò bíà àti ti ẹlẹ́rìndòdò bò ó látòkè délẹ̀, ó gbé e wá, ó ní ìtẹ́ Ṣàngó nìyí. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àgbà méjì dìde, wọ́n ní pàǹtírí kì í wọ ojúbọ. Nígbà tí a bi ọmọ náà níbi tó ti rí i kọ́, ó ní iṣẹ́ Mr. Imagination ni òun wò. Kàkà kí a máa jà lórí ohun tí a kò rí, a wọ ọkọ̀ ojú irin Metra lọ sí ìgboro Chicago. A lọ sí Intuit, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 fún iṣẹ́ àwọn tí kò kọ́ ọnà nílé ìwé. A sì ka ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ nípa wọn.

Gregory Warmack ni orúkọ àbísọ Mr. Imagination. Chicago ni wọ́n bí i sí ní 1948. Ní 1978, wọ́n yìnbọn lù ú níbi ìdigunjalè. Ó dákú lọ fún ìgbà pípẹ́, ó sì sọ pé òun rí ìran níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba orúkọ tuntun. Ó gbẹ́ òkúta yanrìn tí àwọn ilé iṣẹ́ irin kó dànù, ó fi ìdérí ìgò ṣe ìtẹ́, ó sì sọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó ti gbó di ènìyàn. Ó kú ní 2012.

Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn búrọ́ọ̀ṣì yìí ló wù wá jù. Ó ya ojú àti ẹnu sí ara búrọ́ọ̀ṣì, ó sì jẹ́ kí irun rẹ̀ di irun orí. Kò fi búrọ́ọ̀ṣì pa mọ́, búrọ́ọ̀ṣì ṣì ni, ó sì ti di ẹnì kan. Ní ti àwọn ìtẹ́, ìdérí ìgò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n ń tàn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn dídán náà pọ̀ débi pé ojú kì í rí àga mọ́.

Sí àwọn àgbà wa méjèèjì, a ní èsì kan. Ẹ wo ilé orí tí àwọn baba wa fi owó ẹyọ bò. Owó ẹyọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Láti òkun Maldives ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ọkọ̀ àwọn òyìnbó sì kó o wá sí etíkun wa, wọ́n fi ra ènìyàn. Owó ọjà ni, ó kọjá lọ́wọ́ olè àti olóòótọ́. Síbẹ̀ a fi ń bọ orí, a sì fi ń wẹ Èṣù lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìdérí ìgò kò lè wọlé nítorí pé ó ti ọjà wá kò tíì dá ẹjọ́ náà dáadáa. Àti pé ta ló ń bọ Ògún tí kò kó àlòkù irin jọ?

Ẹnì kejì tí a wò ni David Philpot. Ní 1971 ló gé igi ailanthus, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní igi ọ̀run, tó máa ń hù fúnra rẹ̀ láàárín ìlú. Ó gbẹ́ ẹ di ọ̀pá. Lẹ́yìn náà, ó gbẹ́ ọ̀pá mìíràn, ó sì fi owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti dígí ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 1994, Terra Museum kó iṣẹ́ òun, Mr. Imagination àti Kevin Orth jọ síbi kan náà fún àfihàn.

Àwọn ará wa kan rí ọ̀pá wọ̀nyí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀, pé olórìṣà tí kò mọ ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà. A kò gbà. Ọ̀pá Mósè ni Philpot fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń rò nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kí a má gba ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ. Ọ̀pá Òsùn kò di Òsùn nítorí pé ó ga tó sì lẹ́wà. Alágbẹ̀dẹ rọ ọ́, awo tẹ̀ ẹ́, ó sì ní èèwọ̀: kò gbọdọ̀ ṣubú. Ọ̀pá Philpot lè dùbúlẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Èyí kò bu iṣẹ́ náà kù. Ọnà ni, ọnà tó dára sì ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò fara mọ́ orúkọ tí àwọn ilé àfihàn fún wọn, pé oníṣẹ́-ọnà ará ìta ni wọ́n. Ìta ibo? Àárín ìlú Chicago ni wọ́n jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé Romuald Hazoumè ti Àjàṣẹ́, Porto-Novo, tí wọ́n bí ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò tí àwọn onífàyàwọ́ ti lò gbó ló fi ń ṣe ojú egúngún. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ La Bouche du Roi, ó to kẹ́ẹ̀gì 304 ní àpẹẹrẹ ọkọ̀ ẹrú Brookes, British Museum sì gbé e jáde ní 2007. Hazoumè mọ ẹni tí kẹ́ẹ̀gì náà ti pa lẹ́yìn, ó sì ń sọ ọ́. Ohun tí a jù nù ní ìtàn lẹ́nu. Ẹni tó bá kó o jọ láì béèrè ìtàn rẹ̀, ẹwà lásán ló kó.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa náà. Mélòó nínú wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan sí ojúbọ rẹ̀? A ń tẹ bọ́tìnnì lórí fóònù, ère tí ẹ̀rọ ṣe ń dé nínú páálí, a gbé e kalẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Ọmọ tí a bá wí yìí fi ọ̀pọ̀ òru kan ìdérí ìgò mọ́ àga. Òógùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ẹni tó ra ti ẹ̀ nínú páálí rọra pè é ní pàǹtírí.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì jẹ̀bi, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì sí lára ìdérí ìgò. Ṣàngó kì í jókòó sórí àga, odó ni. Odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni ọpọ́n ẹdùn àrá ń gun. Ọmọ wa ti wo Mr. Imagination kó tó wo odó Ṣàngó, ó mú ìtẹ́ ọba inú àlá ẹlòmíràn wá fún ọba Kòso. Ẹ̀bi náà sì kàn wá, nítorí a kò tíì fi odó hàn án.

Àga náà wà ní pálọ̀ báyìí. Àlejò ń jókòó sórí rẹ̀, ó sì dùn ún wò. Ọmọ náà ti rí kùkùté igi kan tí ìjì wó lẹ́yìnkùlé wọn. A ti bi obì, a sì ti ní kó máa gbẹ́ ẹ lọ. Bí ó bá parí, tí àwọn àgbà sì ṣe èyí tó yẹ sí i, a ó gbé ẹdùn àrá lé e.

Àṣẹ.