Ẹnu ta ni ìròyìn ti jáde? «Òun» gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ìròyìn eré ìdárayá yunifásítì

Àwọn tó ń ṣe àríwísí ìròyìn eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó. Wọ́n á ní láti ọdún 1991 ni tẹlifíṣọ̀n NBC ti ń ra ẹ̀tọ́ láti fi ìdíje tí Notre Dame bá gbà lálejò hàn, ẹni tó sì fẹ́ ta ohun tó rà kì í bú u lójú ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Sports Illustrated kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, òun náà sì kó sínú ọ̀ràn tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí. Èrò wa ni pé ègbè máa ń wà nínú ìhun gbólóhùn pẹ̀lú, àti pé èdè Yorùbá fún wa ní irinṣẹ́ tí a lè fi rí i.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, Manti Te'o, agbábọ́ọ̀lù Notre Dame, sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ìyá àgbà òun kú, àti pé láàárín wákàtí díẹ̀ síra wọn ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa ọ̀rẹ́bìnrin òun. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Notre Dame na Michigan State, 20 sí 3. Ìtàn náà dùn. Ó tàn kálẹ̀. Sports Illustrated ti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá gbé àwòrán rẹ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2013, Deadspin fi hàn pé ikú ìyá àgbà jóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò fìgbà kan wà láyé. Orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹnìkan ti ń fi orúkọ èké bá Te'o sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì wéra:

(1) Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kú.
(2) Ó ní ọ̀rẹ́bìnrin òun kú.

Nínú (1), akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ ló dúró bí ẹlẹ́rìí. Nínú (2), «òun» ń tọ́ka sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Bí a bá fi «rẹ̀» rọ́pò rẹ̀, ọ̀rẹ́bìnrin ẹlòmíràn ni olùgbọ́ yóò sábà rò. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí: arọ́pò-orúkọ kan náà ló ń lò nínú méjèèjì. Nítorí náà, bí «ó ní» bá ti bọ́ sílẹ̀, kò sí ohun tó kù láti fi mọ̀ pé afọ̀ agbàrán ni. Ìwé ìròyìn Faransé lè kọ «elle serait morte», kí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ sọ pé akọ̀ròyìn kò fọwọ́ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa Te'o, gbólóhùn (2) ni wọ́n gbọ́, (1) ni wọ́n tẹ̀ jáde.

Ìwé ìròyìn pọ̀, ẹlẹ́rìí ò pọ̀. Iṣẹ́ tí Deadspin ṣe rọrùn láti ṣàlàyé: wọ́n rí i pé ọjọ́ ikú yàtọ̀ láti ìròyìn kan sí òmíràn, wọ́n wádìí ní Stanford, níbi tí wọ́n ní ọmọbìnrin náà ti kàwé, wọn kò rí orúkọ rẹ̀, wọn kò sì rí i nínú àkọsílẹ̀ ikú ìjọba. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Síbẹ̀, Deadspin náà ṣìnà níbì kan. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹni tó tan Te'o jẹ jáde, láìdárúkọ ọ̀rẹ́ náà: ó ní ó dá òun lójú dé ìwọ̀n 80% pé Te'o mọ̀ sí i. «Òun» yìí kò lójú, kò lórúkọ. Iye tó tẹ̀ lé e ló mú kí àbá dà bí ohun tí wọ́n wọ̀n. Kò pẹ́ tí ẹlẹ́tàn náà fi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sọ pé Te'o kò mọ nǹkan kan. Nígbà yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n tàn jẹ ti di ẹni ẹ̀sín. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Òṣùwọ̀n wa ní ààlà. Kò lè wọn ìdákẹ́. Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ni Te'o ti sọ fún yunifásítì rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dán mọ́rán. Ìdíje àṣekágbá wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní, yunifásítì kò sì sọ nǹkan kan fún aráyé títí Deadspin fi sọ ọ́. Kò sí gbólóhùn níbẹ̀ tí a lè tú wò. «Òun» kò sì lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ jóòótọ́; ẹnu tó ti jáde nìkan ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n èyí nìkan ti tó fún iṣẹ́ kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìròyìn mẹ́wàá lórí ọ̀ràn kan, kí ó túmọ̀ wọn sí Yorùbá, kí ó dá «ó ní» padà síbi tó ti bọ́, kí ó sì béèrè orúkọ ẹni tí «òun» kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá jáde nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ìròyìn kan ló kà.