Ìjẹ Onígi àti Àríyànjiyàn Lórí Jíjọra

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí akẹgbẹ́ mi kan ṣe fún wa láìpẹ́ yìí, ó ní igi tí wọ́n gbẹ́ láti fi tan ẹja jẹ kò sí lára ohun tí lámèyítọ́ ọnà ń yẹ̀ wò. Ó ní irinṣẹ́ lásán ni, kí á kà á mọ́ ọkọ́ àti àdá. Kò tán síbẹ̀. Ó bi wá pé àwa tí a wà láàárín òkè Ìkàrẹ́ àti òkè Ọ̀kà, tí a kò lókun tí a kò lọ́sà, kí ló kàn wá nínú ìjẹ onígi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ sínú òkun? Mo dá a lóhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí ètò ti ń wo aago. Ìdáhùn tí n kò ráyè sọ tán ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹni tó bá ní kò kàn wá kò tíì yà sétí omi rí. Nínú àwọn odò kéékèèké tó ń gba àárín àpáta kọjá ní Àkókó, ìgèrè ni àwọn àgbà fi ń mú ẹja. Ẹ wo ìgèrè dáadáa. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ fún; ṣóńṣó àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n hun sínú ọ̀fun náà kọjú sí ikùn. Wọ́n á yà fún ẹja tó ń wọlé, wọ́n á sì padà pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀fun náà bá le jù, ẹja á fimú kàn án, á sì padà. Bó bá dẹ̀ jù, èyí tó wọlé lánàá á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń hun ìgèrè mọ ìwọ̀n tó wà láàárín méjèèjì, ọwọ́ ẹja ló sì ti kọ́ ọ. Ohun tí ẹran ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe lámèyítọ́ igi gbígbẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ka irú àròkọ yìí, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí wọn. Láti ẹnu àwọn agbẹ́gilére ni Kevin Carroll ti gba ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín, tó fi wọ́n sínú ìwé rẹ̀ ní 1967. Robert Farris Thompson kó jíjọra, ìfarahàn, gígún àti àwọn yòókù jọ láti ẹnu àwọn Yorùbá tó mọ ère wò, iṣẹ́ rẹ̀ sì jáde ní 1973. Orí jíjọra ni akẹgbẹ́ mi jókòó sí. Ó ní jíjọra wà láàárín àjọjù àti àìjọ rárá, bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ó wá gbé àwòrán ìjẹ onígi mélòó kan sókè, ó ní èyí jọ ẹja jù, ìyẹn kò jọ ẹja rárá, nítorí náà kò sí ọnà níbẹ̀. Àwòrán ló fi ṣèdájọ́ ohun tó ń rìn! Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣìnà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé lórí ère gbígbẹ́ ló sì wà lójú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú rẹ̀. Igi tí wọ́n gbẹ́ láti fi tan ẹran, inú ìrìn ni jíjọra rẹ̀ wà. Ìrísí kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo tilé. Àwọn ọdẹ Haúsá ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní burtu. Burtu ni wọ́n ń pe ẹyẹ àkàlàmàgbò. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe orí àti ọrùn ẹyẹ náà tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí ọdẹ ń dè mọ́ iwájú orí nígbà tó bá ń dọdẹ ní pápá. Àkàlàmàgbò ga tó nǹkan bíi mítà kan, dúdú ni, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn ju kó fò lọ; kòkòrò, alángbá àti ejò ló ń ṣà jẹ nílẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ tó ń jẹ koríko kò ní ìdí kankan láti sá fún un. Ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa rìn díẹ̀díẹ̀, ọrùn onígi á máa lọ sókè sódò láàárín koríko bí ẹni ń ṣa nǹkan jẹ, títí ẹran á fi wà níbi tí ọfà lè bá a.

Ọ̀pọ̀ burtu tó wà ní àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù ni wọ́n gbé ka orí irin, ní ìdúró, bí ẹni gbé ère kalẹ̀. Ìdúró náà kò bá a mu. Wọ́n gbẹ́ ọrùn yẹn fún orí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ tán ni ọrùn ń nà, tí àgógó ń kọjú síbi tó yẹ kó kọjú sí. Ẹni tó bá wò ó lórí irin á ní fífín rẹ̀ kò pọ̀, kò sí ìyẹ́ lára rẹ̀, ó ṣe gbọọrọ jù. Kí ni wọ́n fẹ́ kó fi ìyẹ́ ṣe? Ẹran tó wà lókèèrè kò ka ìyẹ́. Ohun tó rí ni ọrùn tó tẹ̀, àgógó tó gùn, àti bí méjèèjì ṣe ń mì. Ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ mọ èyí tí yóò yọ kúrò, ó sì fi èyí tí ẹran ń wò sílẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn kò bá yẹ ní pípè ní ọnà, ṣé ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó dé ìpàtẹ London ní 1924, nìkan ni ojú wa lè rí ni? Ilẹ̀kùn yẹn tóbi lọ́lá, n kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ó ti rí àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ burtu kò rí ẹnikẹ́ni, a kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Akẹgbẹ́ mi pe burtu ní ìbòjú, ó sì tò ó mọ́ ti àwọn eégún. Èmi kò gbà. Ìbòjú ń fẹ́ kí gbogbo ọjà yíjú sí òun. Burtu ń fẹ́ kí ẹran rí òun kó sì gbójú kúrò lára òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹja tí wọ́n ń pè ní striped bass ní ilà dúdú gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ orí dé ìrù. Inú omi odò ló ti ń yé, bíi odò Hudson àti àwọn odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà Chesapeake, kó tó jáde sókun. Nígbà ooru, ó ń gòkè lọ sí etíkun Massachusetts. Ẹja kéékèèké tó dà bíi ṣawá ló ń lé jẹ. Kì í sì í ṣe ẹja kékeré: èyí tó wọ̀n jù lọ tí wọ́n fi ìwọ̀ mú, ní 2011, ju kílógíráàmù 37 lọ.

Ní Massachusetts yìí ni ọ̀nà omi Cape Cod Canal wà. Ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, wọ́n ṣí i ní 1914. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 480, omi rẹ̀ sì ń sáré gan-an. Orí òkúta etí rẹ̀ ni àwọn apẹja ń dúró sí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Stan Gibbs bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe ìjẹ ní Sagamore, létí omi náà. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró tì, èyí tí wọ́n ń pè ní pencil popper.

Ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì wúwo nítorí òjé ló wà níbẹ̀. Láti àárín lọ síwájú, ó ń tín-ín-rín lọ títí dé ẹnu. Bí apẹja bá jù ú, ìdí ló ń ṣáájú, bó ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá lọ jìnnà nìyẹn. Nígbà tó bá bọ́ sómi, ìdí á rì, orí tó fúyẹ́ á nà sókè. Apẹja á fi ìdí ọ̀pá ìwọ̀ sáàárín itan, á máa gbọn ọ̀pá náà bó ti ń ká okùn. Orí igi náà á máa na ojú omi sọ́tùn-ún sósì, omi á máa ta pàràpàrà, ìdí kò sì ní kúrò lábẹ́ omi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹja kékeré tó fẹ́ kú ṣe ń jà lójú omi. Ẹ gbé igi yẹn sórí tábìlì, kò jọ ẹja kankan tí Ọlọ́run dá. Ẹ sọ ọ́ sómi, ẹja ni.

Wáyà kan gba inú rẹ̀ já láti ẹnu dé ìdí, wáyà yìí ni wọ́n so ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta mọ́. Bí igi bá là sẹ́nu ẹja, ẹja náà ṣì wà lórí okùn. Akẹgbẹ́ mi ní ẹ̀rọ tó ń yí igi ni wọ́n fi ṣe é, nítorí náà kì í ṣe gbígbẹ́. Ọnà lílé, ìyẹn ìrísí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún igi, ni ẹ̀rọ bá wọn ṣe. Ihò wáyà, ibi tí òjé yóò jókòó sí, bí òjé náà yóò ṣe wúwo tó, ẹ̀rọ wo ló ń yan ìyẹn fún wọn?

Iṣẹ́ Danny Pichney, tí òun náà fi igi ṣe ìjẹ ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí èyí. Tirẹ̀ ní pẹlẹbẹ irin lábẹ́ àgbọ̀n, omi ń ti irin náà, ara igi ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, ó ń lọ jẹ́jẹ́ lójú omi. Bí apẹja bá tẹ òrùka ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ìrìn rẹ̀ á yí padà, ó sì lè máa lọ nísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó rà á ń bá ẹni tó gbẹ́ ẹ parí iṣẹ́ náà. Èmi fẹ́ràn èyí ju ti Gibbs lọ, nítorí pé ìrìn rẹ̀ kò ní ariwo.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ jíjọra bọ̀, ṣùgbọ́n ìfarahàn, ìyẹn bí ohun ṣe hàn kedere sójú, ni ọ̀rọ̀ náà wá já sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pẹja yìí lóru dúdú ń lo ìjẹ tí wọ́n kùn ní dúdú. Ó dà bíi pé kò bọ́gbọ́n mu, àfi téèyàn bá rántí pé abẹ́ ni ẹja ti ń wòkè. Òjìji ló ń rí lójú ọ̀run, igi dúdú ló sì ń fún un ní òjìji tó dá ṣáṣá. Ìfarahàn tí Thompson kọ sílẹ̀ jẹ́ ti ojú ènìyàn, lójú mọmọ, níwájú ère. Èyí tí mo ń sọ jẹ́ ti ojú tó wà nísàlẹ̀ lóru. Ìpẹ́ tí wọ́n fín àti ilà mèremère tí wọ́n kùn sára ìjẹ mìíràn, ojú ẹni tó ń ra ọjà ni wọ́n kùn ún fún. N kò sọ pé kò dára. Alámèyítọ́ méjì ló ń dájọ́ igi kan náà, ọ̀kan dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, èkejì wà nínú omi. Akẹgbẹ́ mi gbọ́ ti ṣọ́ọ̀bù nìkan.

Ó kù síbi ọ̀rọ̀ oníke. Wọ́n rán mi létí pé ní 1982, ìjẹ oníke ni Albert McReynolds fi mú ẹja tó wọ̀n ju kílógíráàmù 35 lọ ní Atlantic City. Òótọ́ ni. Bob Pond pàápàá, ará Attleboro tó fi igi bẹ̀rẹ̀ ìjẹ Atom, bọ́ sórí oníke. Pond yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ Stripers Unlimited sílẹ̀ ní 1965, tó ń pariwo pé ẹja náà ń dínkù, kí ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣòfin ní 1984 láti dáàbò bò ó. Kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa tẹ̀lé ti Gibbs lẹ́yìn nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oníke kò já ohun tí mo ń sọ nírọ́. Ìrísí tí igi kọ́kọ́ gbà ni oníke ń gbà, ìrìn tí ọwọ́ ẹnìkan ti wá rí nínú igi ló ń rìn. Ohun kan náà tí wọ́n ń rọ oníke sí ló sì ń bí gbogbo wọn, wọ́n dọ́gba. Igi kì í dọ́gba: igi kedari tó ti ibì kan wá fúyẹ́ ju ti ibòmíràn lọ, bí àwa náà ti mọ̀ pé igi ọmọ̀ kan kì í wúwo bí igi ọmọ̀ mìíràn. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi ń gbé ìjẹ kọ̀ọ̀kan sínú omi kó tó kùn ún, tó ń wo bó ṣe jókòó, tó ń bu òjé kù tàbí tó ń fi kún un, tó sì ń gbé e sómi padà. Ìdájọ́ ọnà ló ń ṣe lójú omi yẹn. Nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ akẹgbẹ́ mi, n kò gbọ́ gbólóhùn kan nípa rẹ̀.