Ìṣirò àti Ẹ̀tọ́: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Buolamwini àti Gebru

Ìwé-ìwádìí tí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, Gender Shades, kò ṣeé fojú fò nínú ọ̀rọ̀ ìlò ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àwòrán aṣòfin 1,270, láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní Áfíríkà àti mẹ́ta ní Yúróòpù, ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, bóyá ó lè mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ní ti ọkùnrin tí àwọ̀ wọn funfun tàbí pupa, àṣìṣe ẹ̀rọ kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Ní ti obìnrin tí àwọ̀ wọn dúdú, èyí tí ó burú jù tó 34.7.

Agbára iṣẹ́ yìí ni pé kò gba ìṣirò àpapọ̀ gbọ́. Bí a bá da àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ mọ́ èyí tí ó dára, kóńgò yóò kún síbẹ̀.

Àléébù tí a rí ni pé òǹkàwé lè tibẹ̀ gbà pé bí ìṣirò bá ti pé, ẹ̀tọ́ ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọlọ́pàá Detroit mú adúláwọ̀ kan tí kò jalè, nítorí pé ẹ̀rọ tí í fi àwòrán wá ènìyàn tọ́ka sí i. Ẹ̀rọ ni ó ṣì í mọ̀. Ènìyàn ni kò wádìí tó.

Bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ ṣi ojú kankan mọ̀ mọ́, a ṣì ní láti béèrè ẹni tí ó láṣẹ láti fi í ṣọ́ ará ìlú, àti ẹni tí yóò jíhìn fún aláìṣẹ̀. Lójú tiwa, ó tọ́ kí òfin dáhùn ìbéèrè yìí kí a tó ta ẹ̀rọ náà.